Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Mi Sọ Lórí Ẹní

Nígbà tí mo ṣì ń sáré gun òkè Ẹ̀sìẹ́ yìí láì dúró mí kanlẹ̀, tí irun orí mi ṣì dúdú… ẹ gbọ́, irun orí mi gidi o, kì í ṣe wíìgì. Bísọ́lá, ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Wíìgì lo fi mọ ìyá ìyá rẹ nínú fíìmù. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá a wá, ẹ jókòó dáadáa, ẹ má dúró bí ọlọ́pàá. Nígbà tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbì kankan. Ọmọ onírú lásán ni mí.

Irú ni ìyá mi ń ṣe. Kò sọ́jọ́ tí wọn kì í se irú nílé wa. Ó wà lára aṣọ mi, ó wà lára ìwé mi, olùkọ́ mi a máa fi ọwọ́ kan dímú bó bá ń máàkì iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo dé àárín àwọn òṣèré, wọ́n á ní, "Ọmọ onírú ń bọ̀, ẹ ṣí fèrèsé!" Mo bínú títí, ó sú mi. Lónìí ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi bébà wé ni gbogbo yín ń fọ́ sọ́bẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ adùn.

Kí lẹ tiẹ̀ ní kí n sọ? Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ ilé-ìwé yín. Bí mo ṣe di òṣèré, láti orí ìtàgé dé inú fíìmù. Ó dáa. Àmọ́ bí ẹ bá rí i pé mò ń ṣìnà, ẹ pè mí padà. Ohun kan ń ṣe mí láti bí oṣù mélòó kan, mi ò tíì rí orúkọ tí mo lè pè é. Kì í ṣe ìgbàgbé. Ìgbàgbé ì bá sàn. Mo rántí jù ni.

Ẹ wò ó. Bàbá ìyá Bísọ́lá, ẹṣin ló gùn wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Ẹṣin funfun. Àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e láti ẹnu odi ìlú… Rárá. Ẹ dúró. Ìyẹn fíìmù ni. Bàbá àgbà yín ò gun ẹṣin rí títí ó fi kú. Tíṣà ni. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ ní búréèkì, bàtà ló fi ń dá a dúró. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Mo ti ṣe ìyàwó tó bí ogún ìgbà níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe tèmi. Èwo ni kó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tíátà kan wá sí Ọ̀mù-Àrán. Mọ́tò ńlá kan báyìí, wọ́n ya ojú Ọ̀gá, olórí ẹgbẹ́ wọn, sí i lára, gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yí ìlú po. "Lónìí ni! Lónìí ni! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ròyìn ẹ̀ fún yín!" Mo ti parí ìwé girama nígbà náà. Bàbá mi, alàgbà ìjọ ni, ó ti gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fún mi. Èmi wá lọ wo eré yẹn ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Mo sọ lọ́kàn mi pé kò sóhun mìíràn tí mo fẹ́ ṣe láyé. Ẹ̀yin tòní, ẹ ó gbé fóònù sójú fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ ó fi wíìgì bàbá yín… bàbá yín ò ní wíìgì. Ẹ ṣá mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ti di òṣèré nìyẹn. Èmi? Ìyá mi ni mo fi rà á.

Nígbà yẹn, ẹ gbọ́, ọmọbìnrin tó bá bá alárìnjò lọ, wọn kì í pè é ní òṣèré. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Mi ò ní sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gba ohùn mi yìí, olùkọ́ yín á gbọ́. Wọ́n ní ọ̀gá tíátà ló ń fi gbogbo wọn ṣe aya, kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Irọ́ sì kọ́ o. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi náà dán an wò, mo ní kó lọ jókòó.

Ìyá mi ń fọ irú lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo lọ bá a. Mo sọ fún un pé mò ń tẹ̀ lé wọn lọ. Kò pariwo. Ìyá mi kì í pariwo. Ó dìde, ó ní, "Àbẹ̀ní, bó o bá wọ mọ́tò yẹn, má gba ọ̀nà ilé yìí mọ́. Ẹni tó bá bi ọ́ léèrè ìyá rẹ, ní o ò ní." Ó wá fi ọwọ́ tó kún fún irú tì mí léjìká jáde. Àmì ọwọ́ ọ̀hún wà lára búláòsì mi títí a fi dé Ìlọrin. Èyí dá mi lójú. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè wí i láì ṣì í. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Mi ò tíì fi í ṣeré rí.

Ọdún méje ni mi ò fi débí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣeré nígbà náà fún yín, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. Kò sí ìwé. Òní, wọ́n á tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ síwèé fún yín, ẹ ó máa há a sórí bíi ti ọmọ tó fẹ́ gba ìdánwò. Tiwa kọ́. Ọ̀gá á pè wá jọ sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Á ní, "Ìwọ ni ìyá. Ìwọ ni ọmọ. Ọmọ sá nílé. Ó padà dé, ó bá ìyá lórí àìsàn. Ó yá, mo fẹ́ gbọ́." Ó parí! Egungun ìtàn nìkan lo máa rí gbà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ẹran ara rẹ̀, oníkálukú ló ń wá a. Níbo lo sì ti fẹ́ rí i? Nílé yín ni. Ohun tí bàbá rẹ sọ nígbà tó ń bínú. Bí àǹtí rẹ ṣe sunkún lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. O ó kó gbogbo rẹ̀ wá síwájú èrò. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà á dúró. Bí wọn ò bá pàtẹ́wọ́, ó kú nìyẹn. Tó bá tó oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó mú kí ni wá mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, Rábíátù, ọmọ Òkè-Onígbìn. Òun ló máa ń ṣe ìyá. Láti kékeré ló ti ní ohùn àgbà. Èmi ni mo máa ń ṣe ọmọ. Gbogbo ọjọ́ ni Rábíátù máa ń gbà mí níyànjú, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, iṣu kan la jọ ń jẹ.

A wà ní Ìbàdàn nígbà tí ìròyìn dé pé ara ìyá mi ò yá. Awakọ̀ kan tó ń kó iṣu láti Òwu-Ìsin ló jíṣẹ́ fún mi. Mo bá mọ́tò rẹ̀ padà, mo jókòó sórí àwọn àpò òfìfo. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ètè mi là. Nígbà tí mo dé iwájú ilé wa, mi ò lè wọlé. Ṣebí wọ́n ti ní kí n má gba ọ̀nà náà mọ́? Mo dúró bí àlejò. Àbúrò ìyá mi ló jáde wá fà mí lọ́wọ́ wọlé. Ìyá Òwu ni gbogbo wa ń pè é, torí pé Òwu-Ìsin ló lọ́kọ sí.

Ìyá mi wà lórí ẹní. Ó ti rù kọjá sísọ. Kò lè dá jókòó mọ́. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí… àbí èmi ni mo gbé ọwọ́ rẹ̀ léra mi lórí? Ẹnu rẹ̀ mì. Ìyẹn dá mi lójú, ẹnu rẹ̀ mì. Ó ní, "Ọwọ́ tí mo fi lé ọ jáde, ọwọ́ náà ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún ọ."

Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn, Bísọ́lá, òun ni mo fi ń gbé láyé. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ni mo ń rò. Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ ní àwọn ò bá òṣèré jókòó lórí àga kan náà, òun ni mo ń rò. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti ṣílẹ̀kùn fún, kò sẹ́ni tó tún lè tì í síta.

Mo padà sínú ẹgbẹ́. A ṣe eré ọmọ tó sá nílé yẹn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Rábíátù á sùn sórí ẹní, èmi á kúnlẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn obìnrin á máa fi ìborùn nu ojú. Ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, fíìmù dé, ìtàgé kú. Wọ́n wá ní ká fi eré náà ṣe fíìmù. Àmọ́ mo ti dàgbà, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe ìyá báyìí. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga ńlá lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi Bíbélì sí mi lọ́wọ́, wọ́n fi átíkè pa irun mi láró ewú. Wọ́n ní òjò gbọ́dọ̀ máa rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni! Ọmọkùnrin méjì gun orí òrùlé, wọ́n ń da omi sórí páànù. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń darí wa ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kò tíì wọ òun lára. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, títí ó fi dà bí ìgbà téèyàn ń polówó ẹ̀kọ.

Fíìmù yẹn, kò sílé tí kò dé ní Ìgbómìnà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí. Òun ló sì gbé orúkọ mi ga, kí n má purọ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ṣe ìyáálé tó fi májèlé sínú oúnjẹ nínú fíìmù mìíràn, ọlọ́kadà kan ní Arandun kọ̀ láti gbé mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ méjì ni mo ní." Mo ní eré ni. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni, àmọ́ òun ò ní gbé mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ibi tí mò ń lọ.

Níbo ni mo dé? … Rábíátù. Ó dáa.

Oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pe àwa àgbà òṣèré jọ ní Ọ̀mù-Àrán, wọ́n fẹ́ yẹ́ wa sí. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún Rábíátù. Ó ní òun fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti wá, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí wọ́n fi lé ọmọ jáde, tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní ẹnu ìyá òun ni. Ó ní òun bá ìyá òun jà lórí ọkùnrin tí òun fẹ́, ìyá òun lé òun. Nígbà tí òun gbé ọmọ pọ̀n padà dé Òkè-Onígbìn, ohun tí ìyá òun sọ nìyẹn, òun sì gbé e sínú eré. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti pàtẹ́wọ́ tán kí ohun tó sọ tó yé mi.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Rábí, ìyá mi ló ni ọ̀rọ̀ yẹn."

Ó ní, "Àbẹ̀ní, ìyá tèmi ni."

"Ṣebí mo ròyìn ikú ìyá mi fún gbogbo yín nígbà tí mo dé láti ibi ìsìnkú?"

"O ròyìn ẹ̀. Àmọ́ mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìtàgé kí ìyá rẹ tó kú. A ti ṣe eré yẹn ní Òṣogbo… àbí a ò tíì ṣe é?"

Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó ní, "Mo rò pé ìyá mi ni, Àbẹ̀ní. Ó ń ṣe mí bíi pé ìyá mi ni. Jọ̀ọ́, má jẹ́ ká torí òkú jà." Ló bá bú sẹ́kún. Ẹ gbọ́, Rábíátù lè sunkún nígbà tó bá wù ú, iṣẹ́ wa ni. Mi ò lè fi ẹkún ẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹkún tèmi gan-an, mi ò lè fi ṣe ẹ̀rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dàrú. Èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ṣé ìyá mi ló sọ ọ́, tí mo gbé e fún Rábíátù? Àbí Rábíátù ló sọ ọ́ lórí ìtàgé, tí mo wá gbé e lọ sẹ́nu ìyá mi? Bí mo bá di ojú báyìí, mò ń rí ìyá mi lórí ẹní. Mò ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Àmọ́ bí mo bá tẹ́tí, ohùn Rábíátù ni mò ń gbọ́. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí ó ṣe dùn mí lọ́jọ́ tó kú.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Mo wá kó ara mi, mo gun ọ̀kadà lọ bá Ìyá Òwu ní Òwu-Ìsin. Ó ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣe bàìbàì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ fà mí wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ wà níbẹ̀. Kí ni ẹ̀gbọ́n yín sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà, Àbẹ̀ní! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ó ní ọwọ́ tí òun fi lé ọ jáde, òun náà ni òun fi ṣílẹ̀kùn fún ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

Ha, Bísọ́lá! Ara mi balẹ̀ wẹ̀sì. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run o ṣé. Ì bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá kúkú dákẹ́! Ó ń bọ́rọ̀ lọ. Ó ní, "Òjò ọjọ́ yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ̀…"

Òjò wo? Ọyẹ́ ló ń fẹ́! Àga wo? Obìnrin tí ò lè dá jókòó. Bíbélì kẹ̀? Ìyá mi ò mọ̀wé kà, bàbá mi ló ń kà á sí i létí. Mo wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìyá Òwu, kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yẹn wà níbẹ̀, èèpo rẹ̀ ti ya. Mo ní, "Ìyá, fíìmù lẹ̀ ń sọ." Ó bínú. Ó ní ṣé òun ò mọ ojú ẹ̀gbọ́n òun ni? Òun ṣì ń rí ojú rẹ̀ báyìí, kedere. Ó sì ń rí ojú kan lóòótọ́. Ojú mi ni. Gbogbo ayé ló máa ń sọ pé mo jọ ìyá mi.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ gbàgbé òjò. Ẹ gbàgbé àga. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, tí ẹnu wọn ń mì, kí lẹ gbọ́?"

Ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Ó wá ní, "Àbẹ̀ní, kí lo fẹ́ kó sọ? Wí i. Mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo dìde, mo wá ọ̀kadà padà sílé.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bísọ́lá, mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. O fẹ́ ní kí n ṣá gbà pé ìyá mi ló sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Bí mo bá gbà á láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ó ti bọ́. Obìnrin tó wọ aṣọ funfun ni mò ń rí, omi ń ṣàn sórí páànù, ẹnì kan ń pariwo pé kó tún un sọ. Àbí èmi ni mo wọ aṣọ ìyá mi, tí mo dárí ji ara mi? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé. Ṣé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀?

Ayé yín yàtọ̀. Ohun tí ìyá yín bá sọ, ẹ̀rọ yìí á gbà á, ẹ lè gbọ́ ọ lọ́la. Àmọ́ mò ń wò yín lórí fóònù o. Gbogbo nǹkan lẹ̀ ń fi ṣeré. Ìyá bínú, ẹ fi ṣeré. Bàbá sunkún níbi ìsìnkú, ẹ ti gbé e síta káyé wò ó. Bísọ́lá, ìwọ tó o fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ṣe é, mi ò dá ọ dúró, iṣẹ́ tó dùn ni. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n máa sọ fún ọ lọ́jọ́ kan, wàá mọ̀ ọ́n nígbà tó o bá gbọ́ ọ. Má gbé ìyẹn lọ síwájú èrò. Kì í ṣe pé ó burú. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ tán, kò ní jẹ́ tìrẹ nìkan mọ́.

Ìbínú ìyá mi wà lọ́wọ́ mi ní pípé, kò yingin. Èkejì, ọ̀rọ̀ orí ẹní yẹn, ni mi ò rí.

Ìyá ni mo ṣe jù láyé mi. Lórí ìtàgé, nínú fíìmù, èmi ni ìyá olè, ìyá ọba, ìyá ọmọ tó sọnù. Àwọn ọmọ tí mo ti gbọ́wọ́ lé lórí, tí mo dárí jì, mi ò lè ka iye wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù, ọmọ onírú tó wọ mọ́tò lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n dárí jì í.